Ẹkún Ọjọ́ Kan

"Ṣọjí, ta ló wà nílé?"

"Kò sí ẹnì kankan, Àǹtí. Bàbá ti lọ sípàdé àwọn díákónì."

"Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1958, ní ilé ìdáná Díákónì Titus ní Ìníṣà. Olúṣọjí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mojíbọ́lá, jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ààrò. Kò dáná, kò sì se nǹkan kan. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wolẹ̀.

"Jókòó," ó wí. "Ìwọ ni bàbá mi lọ́sàn-án yìí, ìwọ ni ìyá mi, ìwọ náà ni gbogbo ará ilé. Mo fẹ́ sun ẹkún ìyàwó mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ayé ti yí padà. Nígbà náà, ní Ìníṣà, ní Òkukù, títí dé Ìkìrun, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ relé ọkọ, yóò kọ́kọ́ tọ àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé lọ, yóò máa fi ohùn arò dágbére fún wọn. Yóò ki ilé bàbá rẹ̀, yóò ki ilé ìyá rẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò ráhùn, yóò sọ gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn àgbà yóò gbọ́, wọn yóò sì wúre fún un. Ẹkún ìyàwó nìyẹn. Ṣùgbọ́n Díákónì Titus ti la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ó ní, "Orin ìyìn là ń kọ nílé tèmi. Kò sẹ́ni tó máa sun ẹkún kankan." Ìyá wọn tí ì bá bá ọmọ bẹ̀bẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ìyàwó tó fẹ́ sunkún ṣe di ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí nìyẹn o, tí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo sì di gbogbo èrò ìwòran.

Mojíbọ́lá bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó là:

"Ìyá mi, ọmọ aláró Òkukù,
ọmọ arẹṣọ-má-ṣàá,
ẹni tí ì bá gbọ́wọ́ lé mi lórí ti sùn.
Bàbá ní n má sunkún, mo gbọ́;
ẹkún ni kò gbọ́ ti bàbá.
Fọ́tò ni wọ́n fi hàn mí, fọ́tò ni mo fẹ́.
Mo kí fọ́tò, fọ́tò ò jẹ́ mi;
mo bi fọ́tò léèrè, fọ́tò ò fọhùn.
Ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ ní Kùmásì o?"

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kì í ṣe àwàdà. Adéjàre ni orúkọ ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún un, ọmọ Ìníṣà tó ń tajà ní Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà. Ẹbí méjèèjì ló ṣètò rẹ̀. Ìyàwó kò tíì fojú kan ọkọ rí. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi ránṣẹ́. Ó wọ kóòtù nínú rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó, ó lejú koko bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọjọ́ Ẹtì ló máa wọ̀lú, ìgbéyàwó sì di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Omijé bọ́ lójú Ṣọjí. Obìnrin yìí ló ń bu oúnjẹ fún un láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ló ń fọṣọ rẹ̀, òun ló ń gbè é lẹ́yìn bí bàbá bá bínú sí i. Nígbà tó ṣe, Mojíbọ́lá fi etí aṣọ nu ojú, ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Háà, ó tán! Wò ó, ara mi ti fúyẹ́. Ṣọjí, ohun tí o gbọ́ yìí, ilé ìdáná yìí ni kó parí sí. Má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ láé."

"Kò ní jáde, Àǹtí. Mo fi ìyá wa búra."

Ó sì pa á mọ́ lẹ́nu lóòótọ́. Àfi pé ìka mẹ́wàá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mú àwọn yẹn búra.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mojíbọ́lá àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wọ mọ́tò lọ sí Gánà. Ilé wá pa lọ́lọ́. Ẹ wo ilé tó ku díákónì kan àti ọmọkùnrin kan: ọ̀kan ń ka Bíbélì ní yàrá, èkejì ń dá jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ Ṣọjí débi pé nígbà mìíràn ó máa ń pe "Àǹtí!" kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ àárò kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń gbé lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù.

Ìkìrun ló ń sá lọ. Ibẹ̀ ló ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà tó tẹ̀ lé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni ó sì ń gùn lọ gùn bọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde, kò ní dorí kọ ilé, ilé Akọ̀wé Oyèwálé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní téṣàn ọkọ̀ ojú irin ló ń gbà lọ. Ọkùnrin yìí ti lọ ja ogun Hítílà dé ilẹ̀ Bọ́má. Ẹsẹ̀ tó ń tiro àti àkọ́díọ̀nù kan ló mú bọ̀. Àkọ́díọ̀nù ni dùùrù tí à ń gbé kọ́ àyà: ọwọ́ kan ń tẹ̀ ẹ́ bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń fà á, ó ń tì í, bíi ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Oyèwálé kò níyàwó, kò bímọ. Ó fi dùùrù náà kọ́ Ṣọjí tọkàntọkàn.

Akọ̀wé yìí ní giramafóònù, ó sì ní àwo orin tó pọ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni tangó, orin àwọn ará Ajẹntínà lókè òkun.

"Gbọ́ ọ dáadáa," Oyèwálé máa ń wí. "Ó ń rìn, ó dúró, ó wẹ̀yìn, ó tún ń rìn. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ síbi tí kò mọ̀ nìyẹn."

Ṣọjí gbọ́ ọ, ó sì mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbọ́. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní téṣàn lọ́jọ́ tó ń lọ, tó gbésẹ̀ méjì, tó dúró, tó wẹ̀yìn wò ó.

Rédíò kan tún wà lórí tábìlì akọ̀wé, tó máa ń mú jáàsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Nínú ìyẹn, ohùn a yà kúrò lójú ọ̀nà, a rìn gbéregbère, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù, kó tó padà wálé. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni Ṣọjí fi kọ́ méjèèjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí akọ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó nìkan, ó jẹ́ kí ìka rẹ̀ máa lọ. Ohùn ẹkún ìyàwó ló jáde, lórí ẹsẹ̀ tangó. Níbi tí ohùn Mojíbọ́lá ti gbọ̀n lọ́jọ́sí, ó jẹ́ kí ohùn dùùrù náà yà rìn gbéregbère bíi ti jáàsì. Ó wá dà bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú yàrá náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin ti gbé e lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, Oyèwálé ló rí lẹ́nu ọ̀nà, tó di tíkẹ́ẹ̀tì mọ́wọ́.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Mo kàn ń gbìyànjú ni, sà."

"Máa gbìyànjú lọ o. N ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì ti rìn jìnnà."

Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1960, Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ dé sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkìrun. Èkó ló ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá olórin tuntun kiri, kó ṣe àwo fún wọn. Òmìnira ku bíi oṣù kan ààbọ̀, gbogbo ayé ń wá orin tuntun. Ṣọjí ti jáde ilé ìwé, ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, iṣẹ́ kan kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé Oyèwálé yá a ní àkọ́díọ̀nù, ó sì sìn ín lọ.

Ṣọjí kọ́kọ́ lu tangó. Morákinyọ̀ yán.

"Ó dáa, àbúrò, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ń lù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ṣọjí lu háíláìfù.

"Irú èyí méjìlá ti wà nílé mi. Kí lo ní tí ẹlòmíràn kò ní?"

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ní tí ẹlòmíràn kò ní. Ó rántí ilé ìdáná, ó rántí ìbúra, ó tún wo ojú ọkùnrin náà tó ti ń wo aago. Bó bá dákẹ́, ó di ẹni tó ń padà sílé tó dá páropáro náà lọ́wọ́ òfo. Ó wá ń dá ara rẹ̀ lóhùn nínú: "N ò ní dárúkọ rẹ̀. N ò ní dárúkọ ọkọ rẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Kùmásì mà jìnnà." Ẹ gbọ́ irọ́ tí ọmọ aráyé máa ń pa fún ara rẹ̀! Bí ohun kan bá wù wá, kò sí àwíjàre tí a kì í rí.

Ó kọ ọ́. Kò dárúkọ Mojíbọ́lá, kò dárúkọ Adéjàre. Ṣùgbọ́n kò yọ oríkì ilé aláró, nítorí ibẹ̀ gan-an ni orin náà ti dùn jù. Nígbà tó dé "Mo kí fọ́tò, fọ́tò ò jẹ́ mi," àwọn tó ń fọ ife lẹ́yìn yàrá dúró. Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ dìde.

"Èyí gan-an ni! Èyí gan-an ni mo ń wá kiri!"

Akọ̀wé Oyèwálé ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó fa Ṣọjí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo gbọ́ yẹn. Ta ló ni ín? Ṣé ó mọ̀ pé o fẹ́ gbé e jáde?"

"Ó mọ̀, sà. Ó ti gbà." Bí irọ́ náà ṣe yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun alára lẹ́nu.

Nígbà tí ó fi máa di Kérésìmesì, àwo orin náà ti gbòde. "Fọ́tò Ò Jẹ́ Mi" ni wọ́n pè é. Láti Ìkìrun dé Ọ̀fà, kò sí ilé ọtí tí wọn kì í ti í lù ú. Àwọn ọmọge ń kọ ọ́ létí odò. Àwọn ẹgbẹ́ Ṣọjí tí kì í dá a dúró tẹ́lẹ̀ ń na ọwọ́ sí i láti òdìkejì títì. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́, inú rẹ̀ dùn gidigidi. Ó yá giramafóònù akọ̀wé, ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó mórí lé Òkukù, ó fẹ́ kí Àyìnkẹ́, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà jókòó síwájú ilé aláró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún aró bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó gbọ́ orin náà dópin. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹkún ta nìyí?"

"Ẹkún Àǹtí Mojí ni, Ìyá. Èmi ni mo sọ ọ́ di orin."

"Mojíbọ́lá ń kọ ọkọ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ìgbà tó ń lọ ló sun ún."

"Kí ló wá dé tó ṣì ń sun ún?" Ìyá àgbà na ìka sí giramafóònù. "Ṣọjí, ìdí tí a fi ń sun ẹkún ìyàwó ni kó lè tán. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ọmọ á sọ gbogbo èyí tó ń dùn ún, á dà á sílẹ̀ lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, kó lè lọ pẹ̀lú inú mímọ́. Ìyàwó tó bá tún sun ún lọ́jọ́ kejì, ọkọ ló fẹ́ kọ̀ yẹn. Ẹkún ọjọ́ kan lo sọ di ẹkún ojoojúmọ́ yìí."

"Mi ò dárúkọ rẹ̀, Ìyá."

"O ò dárúkọ rẹ̀? O ki ilé aláró tán, o ní o ò dárúkọ! Wò ó, ọmọ mi, orúkọ ń pọ̀ láyé, oríkì ló ń júwe ilé. Ọmọbìnrin mélòó ló jáde láti ara wa tó lọ fẹ́ ará Kùmásì?"

Ṣọjí kà wọ́n lọ́kàn. Ọ̀kan ṣoṣo ni.

Lẹ́tà dé láti Kùmásì nínú oṣù Fẹ́búárì. Ṣọjí mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ayọ̀ ló kọ́kọ́ fi já a.

"Àbúrò mi Olúṣọjí,

"Àwo orin rẹ ti dé ibí. Gbogbo ọmọ Ìníṣà, ọmọ Òkukù, ọmọ Ìkìrun tó wà ní Kùmásì ló mọ ẹni tí ó ń wí. Fọ́tò ni wọ́n ń pe ọkọ mi ní ọjà báyìí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, ṣé bí mo ṣe rí òun nìyẹn? Ṣọjí, ènìyàn dáadáa ni. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ibí ló ti ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹkún yẹn ti tán lára mi nínú ilé ìdáná, ìwọ lo lọ jí i dìde. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sun ún fún láyé. Má kọ̀wé sí mi mọ́."

Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkìrun láti sọ òótọ́ fún Akọ̀wé Oyèwálé, kó lè bá a kọ̀wé sí Morákinyọ̀ pé kí ó má ta àwo náà mọ́.

"O ní ó ti gbà," akọ̀wé wí. "Màá kọ lẹ́tà náà fún ọ. Ṣùgbọ́n mo fọkàn tán ọ, Ṣọjí, mo fi dùùrù mi lé ọ lọ́wọ́."

Èsì Morákinyọ̀ kò gùn: àwo tí wọ́n ti tà, ta ni yóò máa wọ ilé onílé lọ gbà á padà? Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bàbá náà gbọ́ orin ọ̀hún. Wọ́n ń lù ú ní ìsọ̀ télọ̀ kan bó ṣe ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ilé, ó jókòó láìbọ́ bàtà. "Ọmọ mi fẹ́ sunkún tó báyìí," ó wí, "èmi ni mo lé e wọ ilé ìdáná." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún mẹ́jọ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ ojú irin gbé Oyèwálé lọ sí òkè ọya. Ó fi àkọ́díọ̀nù náà sílẹ̀ fún Ṣọjí, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kò wá. Ṣọjí di olórin tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Ìkìrun àti Òṣogbo. Tangó, ohùn ilé àti jáàsì ló ń pò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹkún náà nìkan ni kì í kọ. Bí àwọn èrò bá pariwo pé "Fọ́tò! Fọ́tò!", ohùn orin náà nìkan ló máa ń fi dùùrù lù, ẹnu rẹ̀ á sì pa dé. Bí òde bá tú, á gbé dùùrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan tó háyà, tí ìjókòó kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló kọ sí Kùmásì, kò fi ìkankan ránṣẹ́, torí wọ́n ti ní kó má kọ̀wé mọ́. Nígbà tí Bàbá kú ní ọdún 1967, Mojíbọ́lá ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn sí ìjọ, kò ránṣẹ́ sí i.

Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílùú wọn. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní Ìníṣà, pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n sáré dì. Ẹnì kan dé Ìkìrun, ó sọ fún Ṣọjí pé àwọn Mojíbọ́lá ti dé, ilé Bàbá ni wọ́n wà. Kò dúró mu omi kó tó gun kẹ̀kẹ́.

Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun jókòó lórí àpótí ẹrù níwájú ilé, ó ń fi ìṣẹ́ tó bá wọn ṣe àwàdà fún àwọn ará àdúgbò. Ṣọjí fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n, torí ó ń rẹ́rìn-ín. Adéjàre ni.

"Àbúrò ìyàwó mi! Káàbọ̀."

Kí Ṣọjí tó dáhùn, ọmọbìnrin kan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé omi kọjá. Felicia ni orúkọ rẹ̀, àkọ́bí Mojíbọ́lá. Ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu bí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣe, láìronú: "Mo kí fọ́tò, fọ́tò ò jẹ́ mi..." Ẹ̀rín kúrò lójú Adéjàre. Ó bojú wo òdìkejì.

Ṣọjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí."

"Dìde, dìde. Ó dùn mí fún ọdún méjì, n ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tó yá, mo ń jẹ́ ẹ. Wọ́n á ní 'Fọ́tò!', èmi náà á ní 'Hòó!'" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀ jù, Ṣọjí. Láti ọjọ́ tí àwo yẹn ti dé Kùmásì, ìyàwó mi kò sọ ohun tó ń dùn ún fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó bímọ mẹ́ta, ó sin ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́ ikú bàbá yín, wọ́n lé wa kúrò nílé wa. N kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí. Bí mo bá bi í léèrè, á ní kò sí nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣọjí lára ju lẹ́tà lọ. Fún ọdún mẹ́jọ, ó rò pé òun nìkan ni òun dá wà.

Mojíbọ́lá jáde, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tóbi díẹ̀. Ó wo Ṣọjí láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti dàgbà," ó wí.

"Àǹtí, mo ba ìbúra jẹ́. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń ṣe é pé kò dáa, mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ayé mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ mí, mi ò ní ẹnì kankan."

"Mo gbọ́." Kò ní òun ti dárí jì í, kò sì lé e. Ó wọlé, ó bu kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń jẹ ní Gánà, àti ata sínú àwo, ó gbé e fún un. Ṣọjí jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Àwo tí ó ń bu oúnjẹ fún un sí láyé àtijọ́ ni.

Nígbà tó mú kẹ̀kẹ́ láti máa lọ, Mojíbọ́lá tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná.

"Ṣé o ṣì ń lu nǹkan yẹn?"

"Mo ń lù ú, Àǹtí. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́."

"Gbé e dání bó o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Má kọrin, lù ú lásán. Bó bá ṣe mí bíi kí n sọ̀rọ̀, màá sọ. Bí kò bá ṣe mí, o ò gbọdọ̀ bi mí."

Ó lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó lu dùùrù nínú ilé ìdáná títí oòrùn fi rọ̀, Mojíbọ́lá ń ṣa ẹ̀wà, kò sọ nǹkan kan. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ohùn ẹkún Mojíbọ́lá kọ́kọ́ jáde, fún ọmọ tó sin ní Kùmásì. Ṣọjí gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀bùn dára, òkìkí sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sunkún níwájú yín, ara rẹ̀ ló fi lé yín lọ́wọ́. Bó ti wù kó dùn létí tó, kì í ṣe tiyín láti gbé lọ sọ́jà. Ṣọjí kọ ogójì orin láyé rẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè èyí tó dára jù, yóò sọ fún yín pé ọ̀kan wà tí òun gbọ́ ní ilé ìdáná kan ní Ìníṣà, tí ẹ ò ní gbọ́ láéláé.